Ẹ Má Fi Ọwọ́ Ara Yín Pa Agbára Oògùn Ọmọ

 

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn àsàlátù ní mọ́sáláṣí wa ní Òkè-Àró níbí, bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì mú páálí oògùn jáde. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo oògùn yìí. Ó jọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa." Apoògùn ni mí, n kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wá ní àdúgbò wa. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 6, ló ń lo oògùn náà. Ó ti lé ní ọdún kan tí platelet ọmọ náà ti wálẹ̀, tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń dúdú káàkiri bí ẹni pé wọ́n nà án. Bàbá yìí ti ta jẹnẹrétọ̀ ilé kí ó tó rí owó oògùn náà san, síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì láàbù kò yí padà.

Mo yẹ páálí náà wò dáadáa. Nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kò sì sí ohun tó ń kọ mí lóminú. Mo wá bi í pé, "Báwo ni ẹ ṣe ń fún ọmọ lò ó?" Ó ní, "Ìyá rẹ̀ máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ ògì tó ní mílíìkì kó má baà korò lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn náà la ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ṣíbí kan, nítorí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó."

Ẹ̀yin ará mi, oògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Ìfẹ́ ni ìyá ọmọ fi ṣe gbogbo ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n mílíìkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló ń di oògùn náà lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ìdajì iṣẹ́ oògùn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fún ọmọ lò ó. A máa ń ná owó ńlá lórí oògùn, a kì í sì í ná ìṣẹ́jú márùn-ún láti béèrè bí a ṣe ń lò ó. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òbí nìkan. Àwa tí a ń ta oògùn jẹ̀bi pẹ̀lú, nítorí a máa ń gba owó, a ó kọ "ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́" sára páálí, a ó sì dojú kọ oníbàárà tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń sọ. Platelet ni àwọn ohun tíńtìntín inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà. Láti 150,000 sí 450,000 ló yẹ kí ó wà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kà á. Bí ó bá kéré, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í sì í gbé platelet sókè nínú irú àìsàn tí ọmọ yìí ní.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ibà tí ẹ̀fọn ń fà wà lára ohun tó sábà máa ń mú platelet ọmọ wálẹ̀. Bí a bá tọ́jú ibà náà dáadáa, platelet á gòkè padà. Ó sì tún wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ọmọ fúnra wọn ló ń ba platelet jẹ́. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní ITP. Ó sábà máa ń tẹ̀lé òtútù tàbí àìsàn kékeré mìíràn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ó ń ṣe ni ara wọn máa ń yá láàárín oṣù 6, àwọn mìíràn láìlo oògùn kankan. Nítorí náà, bí dókítà bá wo ọmọ yín, tó ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ, kí ẹ sì padà wá, ẹ má sọ pé kò mọ iṣẹ́.

Ẹ má sì lọ ra prednisolone fúnra yín ní kẹ́místì. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ náà lè mú platelet wálẹ̀, prednisolone sì lè bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí àyẹ̀wò kò fi ní tètè rí i. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ọmọ, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni kí ẹ fún un. Bí ó bá ti lò ó pẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì.

Ti eltrombopag, èyí tí ọmọ bàbá yẹn ń lò, yàtọ̀. Ọdún 2008 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà, ní 2015 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i fún ọmọdé láti ọdún kan sókè. Kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì, irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀, àti oògùn inú rírun tó ní magnesium tàbí aluminium máa ń so mọ́ ọn nínú ikùn, kò sì ní lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ wákàtí 2 kí ọmọ tó fẹnu kan irú nǹkan wọ̀nyí, tàbí wákàtí 4 lẹ́yìn tó ti jẹ wọ́n. Omi lásán ni kí ẹ fi fún un. Ẹ má lọ oníhóró, ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ. Bí ọmọ kò bá lè gbé e mì, ẹ sọ fún dókítà, nítorí oníyẹ̀fun wà tí a ń fi omi tútù pò, kì í ṣe omi gbígbóná. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọmọ gbọ́dọ̀ mu èyí tí a bá pò. Síríńjì tó wà fún un ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn fún wa ni kí ọmọ lo oògùn náà bí a bá ti kírun Àsùbá tán, kí mílíìkì sì dúró di ìgbà tí wákàtí 2 bá pé. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa fún un nínú ilé, kí ó sì máa fàlà sí kàlẹ́ńdà. Mo ti rí ilé tí ìyá àgbà fún ọmọ ní oògùn, tí ìyá ọmọ tún dé láti ọjà tó tún fún un. Bí ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ má fi méjì san án lọ́la. Ẹ má sì fo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀.

Nígbà tí platelet bá wálẹ̀, ẹ má fún ọmọ ní aspirin, ibuprofen tàbí diclofenac. Bí ara bá gbóná, paracetamol ní ìwọ̀n rẹ̀ ni, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ ìdí láìsọ fún un.

Ọ̀rọ̀ tó lè dùn àwọn kan rèé. Híjáámà ń gbilẹ̀ ní àwọn mọ́sáláṣí wa, n kò sì bá sùnnà Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, a kì í sín in ní gbẹ́rẹ́, a kì í ṣe híjáámà fún un. Ẹni tó bá ń ṣe é, kí ó kọ́kọ́ béèrè. Ti omi ewé ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, orí ibà dengue ni wọ́n ti sábà ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Éṣíà, kì í ṣe orí ITP.

Àwọn kan á ní àdúà ti tó. Àdúà kò gbọdọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n Ànábì wa náà pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn, amánà sì ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa.

Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí wa pé kí á ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó sàdákà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní. Kò bójú mu kí a máa dáwó ra áńpù tuntun, kí bàbá kan sì máa ta ẹrù ilé nítorí ọmọ rẹ̀ láàárín wa. Ní tèmi, ẹni tó bá mú oògùn ọmọ wá lẹ́yìn àsàlátù, a ó jọ jókòó, a ó sọ bí a ṣe ń lò ó, ọ̀fẹ́ ni.

Bí orí bá ń fọ́ ọmọ gidigidi, tó ń bì, tó ń sùn lọ ní àìdaa, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, tàbí tí imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lóru náà.

Bàbá yẹn padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lóògùn padà. Oògùn kan náà ni, láti inú páálí kan náà. Èsì tó tẹ̀lé e ti gòkè, ìtọ́jú ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo ọmọ wa ní àlááfíà. Áàmín.