Kí Oògùn Bá Aláàbọ̀ Ara Níbi Tí Ó Ń Gbé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n kí àìsàn tó ṣeé wò, oògùn gbọ́dọ̀ wà. Kí oògùn tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ aláìsàn lọ́wọ́ lásìkò. Ìlú Vom, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Jos ní ìpínlẹ̀ Plateau, mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Láti ọdún 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ti wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún màlúù, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni wọ́n ń kó lọ sí gbogbo ìhà orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ọdún 1962, Nàìjíríà, Niger, Cameroon àti Chad pawọ́ pọ̀ láti gbógun ti rinderpest, àjàkálẹ̀ àrùn tí ń pa màlúù run. Àrùn náà kò mọ ààlà, nítorí náà ètò náà kò fi ààlà ṣe. Ibi tí agbo màlúù bá wà ni abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ọ́ lọ. Ìjà náà gùn, ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé àrùn náà ti tán lórí ilẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún màlúù nìyẹn. Ti ènìyàn ń kọ́? Ẹni tí wárápá ń ṣe, ẹni tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì tíì fi sílẹ̀, gbogbo wọn ni ó nílò oògùn lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn yóò sì máa lò ó títí ọjọ́ ayé wọn. Bí ọ̀pá ti rí fún afọ́jú ni oògùn rí fún irú wọn. Ẹni tí ó ń lo oògùn wárápá, tí ó ṣàdédé dá a dúró nítorí àìsówó, lè ṣubú lulẹ̀ kí gìrì náà má sì dáwọ́ dúró títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin ètò ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tí ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, kí oògùn sì wà nínú ohun tí wọn yóò fi owó náà rà. Òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ní kí ìtọ́jú ẹni tí àrùn ọpọlọ ń ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Lẹ́yìn náà ni òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 dé. Ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà láti wọ inú ètò náà, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, àwọn arúgbó, àwọn aláboyún, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àti àwọn tí ara tàbí ọpọlọ wọn ní àléébù.

Kí a má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, òfin inú ìwé kì í wo àrùn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀, owó oògùn ti gòkè kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Nínú ètò adójútòfò ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ni aláìsàn ń san. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún un pé oògùn ti tán, kí ó lọ rà á níta, gbogbo owó náà di ti ọrùn rẹ̀.

Ní ọdún 2025, ìjọba sọ owó tí ètò náà ń san fún ilé ìwòsàn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù di 1,450 náírà láti 750 náírà. Ìgbésẹ̀ rere ni, ó sì yẹ kí a yìn ín. Síbẹ̀, ìtọ́jú ìpìlẹ̀ lápapọ̀ ni owó yìí wà fún, kì í ṣe oògùn nìkan. Bí oògùn ojoojúmọ́ bá ní láti ti inú rẹ̀ jáde, ẹni tí àìsàn rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò di ẹrù tí ilé ìwòsàn kò fẹ́ gbé. Nítorí náà, ó tọ́ kí a san owó oògùn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lọ́tọ̀, kí ó má sì bá ti ibà àti orí fífọ́ dù ú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Vom, Bukuru àti Jos gbọ̀ngbọ̀n. Òwò, iṣẹ́ rélùwéè àti kùsà ni ó kó àwọn bàbá wọn wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì bí síbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì gbà pé ti ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ni ètò ìpínlẹ̀. Bí ọmọ wọn bá ní wárápá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, oògùn á sì já lágbedeméjì. Àwọn mìíràn gba káàdì ní ìlú baba wọn, wọ́n sì gbàgbé pé ilé ìwòsàn tí ènìyàn bá yàn ni a ń san owó rẹ̀ fún. Kí ni ilé ìwòsàn tí ó wà ní Ọ̀yọ́ yóò ṣe fún ẹni tí gìrì mú ní Vom lóru?

Ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà ni òfin ọdún 2022 wí. Kò sọ pé ọmọ ìbílẹ̀. Kí olúkúlùkù ìdílé wọ inú ètò adójútòfò ní ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ran àwọn tí kò lè dá rìn lọ́wọ́ láti dé ibi ìforúkọsílẹ̀. Kí a sì dẹ́kun fífi aláàbọ̀ ara pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹ̀gàn ni: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò lè rí oògùn gbà nínú ètò náà.

Ní ti ìjọba, kí àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Plateau àti àjọ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara níbẹ̀ jọ jókòó, kí wọ́n ka iye àwọn tí ń lo oògùn ojoojúmọ́, kí wọ́n sì rí i pé oògùn náà kò tán ní ìlú kéékèèké. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Vom ti kọ́ ayé bí oògùn ṣe ń tọ agbo ẹran lọ. Ó tó àkókò kí oògùn tọ ọmọ ènìyàn lọ pẹ̀lú.