Àga kan ṣoṣo fún Ṣàárẹ́ àti Òkè-Ọdẹ: Ta ni yóò gbé ohùn wọn dé Ìlọrin?

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ìlú Òkè-Ọdẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Ó kéré tán, ènìyàn 12 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń ṣọ́ ìlú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti sin òkú, àwọn àlejò pàtàkì ti wá kẹ́dùn, wọ́n sì ti padà sílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ tí ìdìbò gbogbogbò ọdún 2027 yóò tún gbé dìde: ta ni ń sọ̀rọ̀ fún Òkè-Ọdẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fọwọ́ sí owó tí ìjọba yóò ná?

Àga 24 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ṣe pé ẹnì kan kàn jókòó tó sì dá iye náà sọ. Abala 91 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé iye aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye àwọn tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ náà nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújà, kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Mẹ́fà ni ti Kwara l'Ábújà; ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni 24. Nínú 24 yìí, méjì ni ti Ìfẹ́lódùn. Ṣàárẹ́ tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà àti Òkè-Ọdẹ, pẹ̀lú àwọn ìlú àti abúlé tó yí wọn ká, ni wọ́n jọ ní ẹyọ kan.

Bí a bá wo ètò ìkànìyàn ọdún 2006, tí í ṣe èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, ènìyàn 206,042 ló wà ní Ìfẹ́lódùn. Ọ̀fà ní 89,674, aṣòfin méjì ni òun náà sì ní. Ìsìn ní 59,738, Òkè-Ẹrọ ní 57,619, Èkìtì ti Kwara ní 54,850. Aṣòfin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí aṣòfin kan láti Ọ̀fà bá ń ṣojú ènìyàn bí 45,000, ẹnì kan láti Ìfẹ́lódùn ń ṣojú ènìyàn bí 103,000.

Kì í ṣe ẹ̀bi Ọ̀fà. Ẹni tó bá sì ní wọ́n rẹ́ Ìfẹ́lódùn jẹ pátápátá, kò tíì ṣe ìṣirò náà dópin. Bí a bá fi 24 pín gbogbo ènìyàn 2,365,353 tí wọ́n kà ní Kwara lọ́dún náà, ẹni 98,556 ni yóò kan aṣòfin kọ̀ọ̀kan. Ti Ìfẹ́lódùn kò jìnnà sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ilẹ̀. Ìfẹ́lódùn fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 3,435, nígbà tí Ọ̀fà jẹ́ 95 péré. Ẹni tó ń ṣojú ìgboro lè yí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ká láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó ń ṣojú Ṣàárẹ́ àti Òkè-Ọdẹ ní òkè, ní igbó, ní oko tó jìnnà síra, àti ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò fẹ́ rìn mọ́ nítorí àwọn ajínigbé.

Àwọn àgbà yóò rántí pé ní ọdún 1979, aṣòfin 42 ló wà nílé ìgbìmọ̀ Kwara. Lóòótọ́, Kwara ìgbà náà tóbi ju ti òde òní lọ, nítorí ọdún 1991 ni wọ́n gé apá kan rẹ̀ mọ́ Kogi, tí wọ́n sì fi Borgu kún Niger. Ní ti ààlà àwọn ẹkùn ìdìbò tí à ń lò báyìí, ọdún 1996 ni wọ́n ti fà á. Abala 113 ní kí iye ènìyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan súnmọ́ra bó bá ti ṣeé ṣe tó, abala 114 sì fún àjọ INEC lágbára láti tún ààlà náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ó kéré tán ọdún mẹ́wàá. Ó tó àkókò kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ará ìlú mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ti Ábújà bá ṣì jẹ́ mẹ́fà, 24 náà kò lè lé sí i. Bí ẹnì kan bá máa gba àga kún tirẹ̀, àfi kí wọ́n mú un lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ohùn kan tó wà lọ́wọ́ yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí wọn yóò ṣe lò.

Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń wọ̀ ọ́. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ìlú wo ló kàn. Èyí tó tẹ̀lé e ni pé ta ni yóò gbẹ́ kànga, ta ni yóò ra ẹ̀rọ amúnáwá, ta ni yóò pín ọ̀kadà. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ omi. Àmọ́ iṣẹ́ tí òfin gbé lé aṣòfin lọ́wọ́ ni pé kó ṣe òfin, kó yẹ ètò ìṣúná gómìnà wò kó tó fọwọ́ sí i, kó sì wádìí bí wọ́n ṣe ná owó náà. Bí owó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bá wà nínú ìwé ìṣúná tí kò sì dé ọwọ́ wọn, aṣòfin ló ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹni tọ́rọ̀ kàn wá ṣàlàyé. Kànga kan kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tún jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu rọ àwọn aṣòfin àpapọ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnyẹ̀wò òfin kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ìwé òfin là sílẹ̀ fún irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí ilé méjèèjì l'Ábújà bá fọwọ́ sí i, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. Nínú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sórí àga Ṣàárẹ́ àti Òkè-Ọdẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí yóò nawọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìbò àwa ará oko kò já mọ́ nǹkan kan. Nígbà tí Olóyè Cornelius Adébáyọ̀, ọmọ Òkè-Oǹígbìn, di gómìnà Kwara lọ́dún 1983, ọmọ Ìgbómìnà ni. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, wọ́n dìbò ní ẹkùn Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsìn, Èkìtì àti Òkè-Ẹrọ láti fi ẹlòmíràn rọ́pò Fúnkẹ́ Adédoyin tó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹgbẹ́ APC ní ìbò 21,236, PDP ní 18,095. Ìbò 3,141 péré ló wà láàárín wọn. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ariwo "Ó tó gẹ́" fi gba gbogbo Kwara, tí ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ewu kan wà o. Níbi tí orúkọ ènìyàn bá wà nínú ìwé INEC ló ti ń dìbò. Àgbẹ̀ tó sá kúrò l'óko rẹ̀ lọ sí Ìlọrin tàbí Ọ̀fà kò lè dìbò bí kò bá padà sílé lọ́jọ́ náà. Bó bá sì gbé orúkọ rẹ̀ lọ síbi tó sá sí, ìbò Òkè-Ọdẹ ti dín kan nìyẹn. Ìlú tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ètò bí àwọn tó sá kúrò yóò ṣe padà dìbò láìsí ewu yẹ kó wà lára ohun tí àwọn olùdíje yóò máa sọ láti ìsinsìnyí.

Òfin fàyè gba kí ará ìlú pe aṣòfin padà, ṣùgbọ́n ohun tó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí. Ó sàn kí wọ́n bi olùdíje léèrè kí ó tó wọlé: kí ni yóò ṣe lórí ààbò? Ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò máa padà wá jíhìn lọ́dún, ṣé Ṣàárẹ́ nìkan ni àbí yóò dé Òkè-Ọdẹ àti àwọn abúlé? Ta ni yóò máa bèèrè owó àwọn ẹ̀ṣọ́ àti ìtọ́jú àwọn ẹbí tí wọ́n fi sílẹ̀?

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Aṣòfin tó bá dé Ìlọrin tó ń bẹ̀rù gómìnà ju Òkè-Ọdẹ lọ, ó ti gbàgbé ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tó rán ni kó yéni.