Ibi Tí Ewu Wà Ni Kí Ọlọ́pàá Lọ

Ní ojú ọ̀nà kan tí mo máa ń gbà ní Àbújá, ọlọ́pàá méjì máa ń dúró lẹ́nu géètì ilé-ìwé aládàáni kan, wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó rí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ògiri ọgbà rẹ̀ ti wó lápá kan, ewúrẹ́ ń wọlé, ewúrẹ́ ń jáde. Kò sí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀.

Mi ò bínú sí àwọn onílé-ìwé aládàáni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ajínigbé kì í béèrè ẹni tó ni ilé-ìwé kó tó wọlé. Ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 100 ní Bethel Baptist High School ní Kàdúná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó kan ilé-ìwé Kátólíìkì tó wà ní Papiri, ìpínlẹ̀ Niger.

Àmọ́ bó bá jẹ́ owó ló ń gbé ọlọ́pàá dé ẹnu géètì, ibi tí owó wà ni wọn yóò pọ̀ sí. Òbí mélòó ní Kuriga, níbi tí wọ́n ti kó ọmọ ilé-ìwé ìjọba lọ ní 2024, ló lè dá owó ọlọ́pàá? Ní oṣù tí wọ́n ya wọ Papiri gan-an ni Ààrẹ Tinubu pàṣẹ kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn ńlá. Ṣé ẹ̀yìn ọmọ wọn la tún fẹ́ kó wọn lọ?

Ọlọ́pàá ẹnu géètì nìkan kò sì tó. Ọlọ́pàá wà ní Birnin Yauri ní 2021. Àwọn agbébọn pa ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ. Ní Ẹ̀múrè-Èkìtì ní 2024, inú ọkọ̀ ilé-ìwé ni wọ́n ti jí àwọn ọmọ kéékèèké àti olùkọ́ wọn gbé, lójú ọ̀nà.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ka gbogbo ilé-ìwé rẹ̀ pọ̀, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ṣé àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀? Báwo ni àgọ́ ọlọ́pàá ṣe jìnnà sí i tó? Ṣé ó ní ọgbà? Ibi tí ewu ti pọ̀ jù ni kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ dé, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ojú ọ̀nà láàárọ̀ àti nígbà tí ilé-ìwé bá jáde. Kí ilé-ìwé tó lówó mọ ògiri, kó gba ọ̀dẹ tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó. Owó gbogbo wa la fi ń san owó oṣù ọlọ́pàá. Ọmọ tó ń kàwé lẹ́bàá ògiri tó wó yẹn náà ní ìpín nínú rẹ̀.