Orúkọ Ìwé Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ó tó gẹ́ẹ́ kí a máa gba orúkọ ìwé méjìlá lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí láìbéèrè ohun tó wà nínú ẹyọ kan.

Ní Ajégúnlẹ̀ tí mò ń gbé, bí o bá gbé iṣẹ́ ìwádìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè bi ọ́ bóyá kí òun bá ọ fi ìwé ìtọ́kasí sí i. Òun kò ka ìwé náà, ẹni tó ni iṣẹ́ kò kà á, síbẹ̀ olùkọ́ á fún un ní máàkì. Ọmọ tó wọkọ̀ lọ sí yàrá ìkàwé ní Yábàá, tó jókòó ti ìwé mẹ́ta láti àárọ̀, tirẹ̀ tilẹ̀ lè kéré sí i, nítorí mẹ́ta kò tó méjìlá. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Lábẹ́ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin: kí ni ìwé yìí sọ, ta ló kọ ọ́, ṣé a lè gbára lé e, kí ló sì wúlò fún nínú iṣẹ́ yìí?

Ẹ wo The History of the Yorubas. Samuel Johnson, 1921, ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ, ó parí. Ṣùgbọ́n Johnson ti kú ní 1901! Ó parí ìwé náà ní 1897, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Òyìnbó, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un kọ. Àtọmọdọ́mọ Aláàfin Abíọ́dún sì ni òǹkọ̀wé yìí, Ọ̀yọ́ ló sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó ń kọ nípa Ìjẹ̀bú tàbí Èkó, yóò wá ìwé mìíràn kún un.

Olùkọ́ lè ní àwọn ọmọ pọ̀ jù, ta ni yóò ka gbogbo àlàyé yẹn? Òótọ́ ni, kíláàsì wa kún. Ẹ dín ìwé kù sí mẹ́ta, ó tán. Àwọn òbí tó ń ráhùn owó dátà, ìdáhùn kan náà ni. Ní ti àwọn tó ní fóònù yóò ṣe é, ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn lórí fóònù lè to orúkọ ìwé tí ẹnì kankan kò kọ rí, pẹ̀lú òǹkọ̀wé àti ọdún.

Ní Àpápá níbí, kọ́sítọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí kọ̀ntẹ́nà jáde ní wáàfù nítorí pé orúkọ wà lára rẹ̀. Ìwé gbọ́dọ̀ wà tó sọ ẹrù inú rẹ̀, ibi tó ti wá àti ẹni tó fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá sì fura, wọn á ṣí i.

Ní sáà tó ń bọ̀, ẹ pè wá síwájú kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú ìwé kan nínú àkójọ wa, kí ẹ sì ní ká sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.