Ọmọ Ń Ṣiṣẹ́ Bí Ẹrú Ní Kánádà, Kí Ló Dé Tí Kò Rí Ìwé Ìgbélùú Gbà?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà lọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni pẹ̀lú. Láti Dùgbẹ̀ títí dé Ọ̀yìngbò, ó ṣòro kí ẹ tó rí ọjà tí ẹ ò ti ní bá ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Ẹlòmíì ti ta ilẹ̀, ẹlòmíì ti kó àjọ, ẹlòmíì ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ọmọ ó tó wọ bàálù. Ìgbà tó bá wá di ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tí ọmọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ìwé ìgbélùú ò sì jáde, ìyá á ní ayé ló dí ọmọ òun lọ́nà. Ó di ilé aláàfáà, ó di orí òkè. Bẹ́ẹ̀ ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ lọ ti gba tiẹ̀, ó ti ń múra láti wá mú ìyàwó. Ẹ fi ayé sílẹ̀ ná, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pe ọmọ yín sórí fóònù, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: irú iṣẹ́ wo lo ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni ìjọba Kánádà ti ṣí ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Canadian Experience Class. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ lórí ilẹ̀ àwọn, tó ti mọ ìrìn ìlú, tó sì ń san owó orí, kó kọ̀wé pé òun fẹ́ máa gbé ibẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọdún kan péré ni wọ́n ń béèrè, láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tí èèyàn kọ̀wé. Wákàtí 1,560 ni wọ́n pe ọdún kan náà, ìyẹn wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 15 lọ́sẹ̀, ọdún méjì ni yóò fi pé fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun gbójú, tó ń ṣe wákàtí 60 lọ́sẹ̀ kó lè parí ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ohun tó bá ti lé ní 30 lọ́sẹ̀, wọn kì í kà á.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé yìí láti ilé níbí gba ọ̀nà mìíràn, owó ni wọn yóò kọ́kọ́ ní kó fi han àwọn. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n gbé e dé dọ́là Kánádà 15,263 fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọn ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ogún ọdún tí èèyàn fi jó irin ní Mọ́kọ́lá kò lè rọ́pò ọdún kan yìí. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kó ti ṣe é, pẹ̀lú ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ibi tó ti ń ta kókó rèé. Ìjọba Kánádà pín gbogbo iṣẹ́ sí ìpele mẹ́fà, láti 0 dé 5. TEER ni wọ́n ń pè é. Ìpele 0, 1, 2 àti 3 nìkan ló wọ ìwé. Ìpele 4 àti 5, bí èèyàn fẹ́ kó fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣe é, kò kà lójú ọ̀nà tí à ń sọ yìí.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wẹ́dà wà ní ìpele 2. Kápẹ́ńtà wà níbẹ̀, pulọ́ńbà wà níbẹ̀, oníṣẹ́ iná mànàmáná wà níbẹ̀, mẹkáníìkì mọ́tò náà wà níbẹ̀. Kúùkù ilé oúnjẹ, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, onídìrí àti onígbàjámọ̀, ìpele 3. Awakọ̀ tírélà àti àwọn tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ọsibítù kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí wọ́n tún ìwé iṣẹ́ wọn tò ni wọ́n tó bọ́ sí i.

Àwọn wo ló wá ṣubú? Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Ẹni tó ń gbowó nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ẹni tó ń kó páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Awakọ̀ takisí, ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri ojúlé, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìtajà. Owó wà nínú iṣẹ́ wọ̀nyí o, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀, ó sàn ju kí èèyàn máa jalè lọ. Ìwé ìgbélùú ni kò sí níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tó bá sì ní òun yóò lọ ṣí ìsọ̀ èlùbọ́ àti ẹ̀wà tòun fúnra òun ní Brampton, kó mọ̀ pé iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ kò kà. Abẹ́ ọ̀gá ni wọ́n fẹ́ kó ti ṣiṣẹ́.

Èyí tó dunni jù ni ti télọ̀. Kí oṣù kọkànlá ọdún 2022 tó dé, iṣẹ́ aránṣọ wà lára èyí tí wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n tò ó tuntun, wọ́n sọ ọ́ sí ìpele 4, ó parí. Télọ̀ tó mọ agbádá gé bí ẹni gé iṣu yóò jókòó sí ilé aránṣọ kan ní Toronto fún ọdún mẹ́wàá, wọn ò ní ka ọjọ́ kan fún un. Onígbàjámọ̀ tó wà lójúlé kejì yóò ṣe ọdún kan tirẹ̀ tán, yóò gbé bírò. Ta ló jókòó tó fi abẹ́ ṣe ẹ̀gbọ́n abẹ́rẹ́?

Ti ìtọ́jú àgbàlagbà, tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa ń ṣe, ó tún ya ẹni lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ọsibítù tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ìpele 3 ni, ó kà. Bó bá jẹ́ inú ilé arúgbó náà gan-an ló ti ń wẹ̀ ẹ́, tó ń se oúnjẹ fún un, ìpele 4 ni, kò kà. Ọwọ́ kan náà, ọṣẹ kan náà! Nítorí náà, kí ọmọ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́, ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ nínú ìwé ìjọba ni kó kọ́kọ́ lọ wò. Orúkọ tí ọ̀gá fi pè é kọ́ ni wọ́n ń wò, ohun tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àkókò, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn òbí ti máa ń wọ̀ ọ́. Ká ní Lágbájá àti Làkáṣègbè jọ lọ ka ìwé ọdún méjì. Ìjọba ibẹ̀ gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ wákàtí 24 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe nígbà tó ń kàwé lójú méjèèjì yẹn, òdo ni lójú òfin yìí. Ìgbà tó bá kàwé tán, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá sì wà lára àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí (kì í ṣe gbogbo wọn o, ẹ wádìí kí ẹ tó sanwó), wọn yóò fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni wọ́n ń fúnni ní ìwé yẹn. Bó bá ti tán, ó tán.

Lágbájá gba tirẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá rẹ̀ pè é láti ilé: "Ọmọ mi, àwọn alájọ ti dé ọrùn mi o, rán nǹkan wá." Kí ló fẹ́ ṣe? Ó sáré lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n gbà á lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó. Ó ń rán owó wálé, ìyá ń sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun tó ọmọ. Làkáṣègbè ní tirẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀ pé kó fún òun ní ọdún kan. Ó wọ ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan, ó ń ṣe kúùkù, owó náà kò tó nǹkan, ìyá sì ń bínú. Ọdún kan pé, wákàtí 1,560 pé, ó kọ̀wé. Ìgbà tí ọdún mẹ́ta yóò fi pé, òrùlé ti wà lórí ilé ìyá Lágbájá, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ iṣẹ́ Lágbájá ti kú, kò sì ní wákàtí kan ṣoṣo tí yóò kà. Owó tí wọ́n fi kan páànù yẹn ló jẹ ìwé ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìyá yẹn wí, kó rọra, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ẹ má rò pé ọdún kan tó pé ti parí ẹjọ́ o. Máàkì wà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń to gbogbo wọn sí, Express Entry ni wọ́n ń pè é, 1,200 sì ni máàkì tó ga jù. Ọdún kan tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń fún ẹni tí kò ní ìyàwó tàbí ọkọ ní máàkì 40, ọdún méjì 53. Ọjọ́ orí náà ń sọ̀rọ̀: láti ogún ọdún sí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló dùn jù, láti ọgbọ̀n ó ń dín lọ́dọọdún, tó bá fi máa di ọdún márùndínláàádọ́ta, kò sí máàkì ọjọ́ orí mọ́. Wọ́n á wá máa pe àwọn tí máàkì wọn ga jù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí àrùn kòrónà ti bọ́dà pa, wọ́n pe èèyàn 27,332 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọ̀nà yìí, ẹni tó ní máàkì 75 péré bá wọn wọlé! Ìyẹn ti lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2024, èèyàn 400 ni wọ́n pè, máàkì 539 ni wọ́n sì ń wò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, àwọn 1,800, máàkì 433 sì tó fún wọn. Kí bàbá tó ń fi ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ pulọ́ńbà wé ọmọ tó ń wọ táì tún un rò.

Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Bí èèyàn tiẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré ní Nàìjíríà, yóò ṣe ìdánwò. Àwọn tó wà ní ìpele 0 àti 1, ìwọ̀n 7 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìpele 2 àti 3, ìwọ̀n 5 ti tó. Èsì ìdánwò náà kì í ju ọdún méjì lọ kó tó kú. Ẹni tó bá sì gbọ́ Faransé, wọ́n gbà á bákan náà, kódà láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń pe àwọn tó gbọ́ Faransé dáadáa lọ́tọ̀, máàkì tiwọn a sì máa wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi Faransé àwọn ará Kétu àti Pọ́bẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní bọ́dà, ǹjẹ́ ẹ gbọ́?

Ó ku àwọn ajẹ́ńtì. Nígbà kan, lẹ́tà pé ọ̀gá kan ti ní iṣẹ́ sílẹ̀ fún èèyàn máa ń fúnni ní máàkì 50, ó sì lè tó 200 fún iṣẹ́ ọ̀gá àgbà, èyí ló sọ lẹ́tà náà di ọjà títà. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n fagi lé máàkì yẹn pátápátá. Ajẹ́ńtì tó bá ṣì ń gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀, ọjà tó ti bàjẹ́ ló ń tà. Ìwé irọ́ tí wọ́n bá sì ká mọ́ ọmọ lọ́wọ́, ọdún márùn-ún ni kò fi ní lè wọ ibẹ̀. Lọ́yà àti àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé College of Immigration and Citizenship Consultants lòfin gbà láyè láti gbowó lórí iṣẹ́ yìí. Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó bá lè tẹ fóònù lè wò ó fún yín. Fífi orúkọ sílẹ̀ ní Express Entry, ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tí wọ́n bá pe èèyàn ló tó ń sanwó, dọ́là 1,525 ni wọ́n sì sọ ọ́ dà ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fún àgbàlagbà kan.

Ìwé kan wà tí àwọn ọmọ máa ń fojú kéré, ìyẹn lẹ́tà ọ̀gá. Orúkọ iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí lọ́sẹ̀, iye owó, àti ohun tí ọmọ náà ń ṣe gan-an, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó fi ìwé owó oṣù àti ìwé owó orí rẹ̀ tì í. Ọ̀gá lè ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá lè kó lọ sí ìlú mìíràn, òun àti ọmọ lè jà. Kí ọmọ gba lẹ́tà yẹn nígbà tí àárín wọn ṣì dùn, kí ó tó sọ pé òun ń lọ, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, kí ó sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé.