Ẹ̀kọ́ Jẹjẹrẹ Ní Yunifásítì: Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọwọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí fi mú ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ, pàápàá bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa rẹ̀ ní yunifásítì, ó jọ pé ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìṣirò tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ, gbé jáde fún ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún náà lé ní 120,000, àwọn tó sì pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000.

Jẹjẹrẹ kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa Dókítà Beko Ransome-Kuti lọ́dún 2006, òun náà ló pa Olóyè Gani Fawehinmi lọ́dún 2009. Bó ṣe ń pa ẹni ńlá nígboro, bẹ́ẹ̀ ló ń pa àgbẹ̀ àti ìyá ẹlẹ́pà ní abúlé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní abúlé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹbí kì í mọ ohun tó pa òkú wọn. Wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn á ti ná owó oko tán lórí àgbo kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé ọsibítù, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá atúnṣe.

Kí ni jẹjẹrẹ gan-an? Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ ń pe àwọn ohun tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí ara èèyàn fi pọ̀ mọ́ra bí búlọ́ọ̀kù ṣe pọ̀ mọ́ra di ilé. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tó ń tẹ̀ lé: ìgbà tí yóò pín sí méjì, ìgbà tí yóò dúró, ìgbà tí yóò kú. Bí àṣẹ yìí bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà á máa pín láìdúró, á di kókó, á sì máa tàn lọ sí ibòmíràn nínú ara. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Nítorí pé láti inú ara wa ló ti ṣẹ̀ wá, ó ṣòro láti rí oògùn tí yóò pa á tí kò ní pa ara fúnra rẹ̀ lára.

Oríṣiríṣi nǹkan ló lè ba àṣẹ yìí jẹ́. Sìgá wà níbẹ̀. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ó sì yẹ kí àwa tí à ń ṣe oko mọ̀ pé májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin máa ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tí ọ̀rinrin ti bà jẹ́, tí nǹkan ti ń hù lára wọn. Ooru iná kì í pa májèlé yìí tán, òun náà sì máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé láti ìdílé ni wọ́n ti jogún ohun tó mú kí àrùn náà tètè kọ lù wọ́n.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ tó gbòòrò báyìí. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ń lò ní yunifásítì. Á gbọ́ díẹ̀ nípa jẹjẹrẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ àrùn, á gbọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, á tún gbọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú obìnrin àti ọmọdé. Ó dà bí aṣọ kan tí wọ́n ya sí wẹ́wẹ́ pín fún ọ̀pọ̀ èèyàn: kálukú ní ẹyọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rán an wọ̀. Ti àwọn tó ń kọ́ nípa bayọkẹ́mísírì, físíìsì àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an la nílò nínú láàbù, nídìí ẹ̀rọ ìtànṣán àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò ní ìpìlẹ̀. Ọdún 1960 tí a gba òmìnira ni wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó sì ní ohun tí ilẹ̀ Áfíríkà ti kọ́ ayé. Lọ́dún 1958 ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó tó ń wú ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Ó wá ibi tí àrùn náà wà kiri, ó sì rí i pé ibi tí ooru, òjò àti ibà ẹ̀fọn pọ̀ sí ni. Lọ́dún 1964, Anthony Epstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú kókó náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní àrùn yìí ni oògùn lè wò sàn bí wọ́n bá tètè gbé wọn wá. Ẹnì kan tó fojú sí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ tiwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1980, tó sì di àgbà onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń tètè mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, àti pé irú èyí tí àwọn oògùn kan kò ràn pọ̀ láàárín wọn. Lọ́dún 2005 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n kọ nípa ara ẹlòmíràn nìkan kò tó fún wa. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún obìnrin ẹni ọdún 35 tó ní kókó lọ́mú pé ọmọdé ni, kó máa lọ sílé, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC mú bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti pinnu fúnra rẹ̀. Kí àwọn yunifásítì wa lo àyè yìí láti kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìlera ní ẹ̀kọ́ jẹjẹrẹ lódidi, láti inú sẹ́ẹ̀lì títí dé ibùsùn aláìsàn. Kí wọ́n ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti lè ya ọdún kan sọ́tọ̀ láti fi gba oyè sáyẹ́ǹsì kó tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí iléeṣẹ́ ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2017 náà ya owó sọ́tọ̀ fún ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan á ní bí a bá kọ́ wọn tán, Òkè-Òkun ni wọ́n ń lọ. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n ebi kì í pa ọmọ àgbẹ̀ ká ní kí bàbá rẹ̀ má gbin iṣu mọ́ nítorí olè. Ìjọba ni kó san owó iṣẹ́ tó yẹ, kó sì ra ẹ̀rọ tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́. Àìkọ́ wọn rárá ni kò ní jẹ́ ká ní ẹnì kankan, yálà nílé tàbí lóko.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé fi dandan lé e pé ọmọ tí kò bá di dókítà kò rí nǹkan kan ṣe. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wo ẹran ara nínú láàbù, òun ló ń sọ fún dókítà bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí òun kọ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń dènà HPV bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìròyìn òfegè pé kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ ló kọ́kọ́ dé ọ̀pọ̀ ìlú. Ká ní ọmọ ìlú kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tó lè fi èdè abínibí là á yé ìyá rẹ̀, irọ́ yẹn kò bá má ríbi jókòó.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó ti rí fún kókó inú ọmú, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò wò ó. Kí ìjọba àti àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ yìí.