Ọbẹ̀ Ni Kó Di Oúnjẹ: Ọ̀rọ̀ Síta Lórí Ohun Tí À Ń Fún Alátọ̀gbẹ Jẹ

Ẹni tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó tó délé ni ìmọ̀ràn oúnjẹ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ará ilé á ní kó má fẹnu kan ìrẹsì mọ́. Ìyá ìjọ á ní ẹ̀wà ni kó máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Aládùúgbò á ní àmàlà dúdú kò léwu, oúnjẹ funfun ló ń pa ènìyàn. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà náà ti di ti ẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá, ó kọ "oúnjẹ alátọ̀gbẹ" sí i lára, ó sì fi owó lé e. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, aláìsàn á padà sí ọsibítù, ṣúgà rẹ̀ á ṣì wà níbi tó wà. Wọn á bi í pé kí ló ń jẹ, á sì búra pé òun ò fi ṣúgà kan ẹnu. Òótọ́ ló sọ. Àwa la ò sọ òótọ́ fún un.

Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Òkèlè ló ń gbé ṣúgà alátọ̀gbẹ sókè, ì báà dúdú, ì báà funfun. Kíkúrò nínú èlùbọ́ kan bọ́ sínú èlùbọ́ mìíràn kò tán ọ̀rọ̀ náà. Kí òkèlè kéré, kí ọbẹ̀ sì di oúnjẹ gan-an. Ẹ má sì di gbogbo ẹjọ́ yìí ru aláìsàn nìkan, torí ó kan ọsibítù, ó kan olóúnjẹ, ó kan ẹni tó fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀, ó sì kan ìjọba.

Gààrí, iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì, ògì: sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Sítáàṣì kì í dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ṣúgà ni, tí wọ́n so mọ́ra wọn gbọọrọ. Tó bá ti dé ìfun, á tú, á sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlíìnì ló ń ṣínà fún ṣúgà yìí láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà, ínsúlíìnì ṣì wà, àmọ́ ara kì í gbọ́ tirẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Bó bá sì ṣe díẹ̀, èyí tí ara ń pèsè kò ní tó nǹkan mọ́. Ṣúgà á wá jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, á máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò láàárọ̀ kó tó jẹun, tó dé 126 mg/dL tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Ara tí kò lè palẹ̀ ṣúgà mọ́ kíákíá yìí la wá ń fi òkèlè ràbàtà méjì ránṣẹ́ sí lálẹ́, tí a ó sì lọ sùn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ wíìtì àti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ sórí òṣùwọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni ìtànjẹ pọ̀ sí. Ẹ mú èlùbọ́ iṣu, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, gààrí àti wíìtì, gíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tó wù kẹ́ ẹ bù, nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 80 ni sítáàṣì. Òótọ́ ni pé wíìtì tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ ní fáíbà, òótọ́ sì ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ní irú sítáàṣì kan tí kì í tètè dà nínú ìfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ń dín in kù. Wọ́n lè jẹ́ kí ṣúgà rọra gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá sọ fún pé oúnjẹ kan kò léwu, ìlọ́po méjì ló máa rò. Mo ti rí abọ́ wíìtì níwájú alátọ̀gbẹ tó jẹ́ pé òkè rẹ̀ ga ju etí abọ́ lọ, tí ìyàwó ilé sì ń rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun dáadáa, tiwọn ni."

Dókítà David Unwin, tó ń tọ́jú aláìsàn ní Southport nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ọgbọ́n kan dá fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń ṣírò bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń fi ṣíbí tíì sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Ìrẹsì funfun sísè tí kò ju gíráàmù 150 lọ, ó ní bíi ṣíbí ṣúgà 10 ni. Ìrẹsì tí wọ́n ń bù níbi òkú ṣíṣe ní Ìjẹ̀bú, ṣíbí mélòó lẹ rò pé ó jẹ́, kí wọ́n tó gbé iyán dé?

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó tuntun ni èyí, ti àwọn tó fẹ́ tín-ín-rín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1797 ni John Rollo, dókítà ológun ọmọ Scotland, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀gágun kan tó fi ẹran àti ọ̀rá bọ́, tí ṣúgà inú ìtọ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí ogun dó ti Paris láti 1870 sí 1871, tí oúnjẹ wọ́n gógó, dókítà Apollinaire Bouchardat kíyè sí i pé ara àwọn alátọ̀gbẹ tó ń tọ́jú ń yá sí i. Nígbà tí Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlíìnì ní Toronto ní 1921, tí wọ́n sì kọ́kọ́ gún un fún ènìyàn ní 1922, ayé yọ̀, ó sì yẹ kó yọ̀, torí ó gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé tí ì bá kú. Ṣùgbọ́n látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé oògùn á máa sáré tẹ̀lé òkèlè títí láé. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé nínú gbogbo ọ̀nà ìjẹun, dídín oúnjẹ onísítáàṣì kù ló ní ẹ̀rí jù lọ fún mímú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Òmíràn tún wà. Ìwádìí DiRECT tí wọ́n ṣe ní Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, dín gbogbo oúnjẹ kù gan-an fún àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ṣúgà wọn ti padà sípò láìlo oògùn àtọ̀gbẹ. Ọ̀nà tiwọn kọ́ ni mò ń polongo, ìwúwo ara tí wọ́n sọ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ pé àìsàn tí a ń sọ pé kì í lọ títí ikú yìí máa ń gbọ́ ti oúnjẹ.

Kí la wá ń jẹ? Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ọsibítù ti máa ń já.

Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù kan lọ́jọ́ àwọn alátọ̀gbẹ. Àwòrán àwo oúnjẹ kan wà lára ògiri: ápù, búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀, ewébẹ̀ kan tí n kò rí rí lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn, àti ẹja pupa kan. Bàbá kan nawọ́. "Nọ́ọ̀sì, gààrí ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ dín in kù, bàbá." "Kí n dín in kù sí báwo?" Nọ́ọ̀sì yíjú wo ògiri. Kò sí gààrí níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́ níwọ̀n," ó sì pe nọ́ńbà tó kàn.

Ìdáhùn tó yẹ kí bàbá yẹn gbà nìyí. Kí òkèlè má ju ìkúùkù ọmọdé lọ, àmàlà ni o, ẹ̀bà ni o, iyán ni o. Kí ẹ̀fọ́ rírò kún ìdajì abọ́, tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ yòkòtò, kí irú àti ẹ̀gúsí wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ṣíbí jẹ ẹ́. Kí ẹja, ẹyin, adìyẹ tàbí ẹran gba ibi tó kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ebi á ti rọlẹ̀. Ewédú àti ilá dára, àmọ́ wọ́n ń ti òkèlè wọlé kíákíá, ẹni tó ń fi wọ́n jẹun gbọ́dọ̀ kíyè sí ọwọ́ ara rẹ̀. Gbẹ̀gìrì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà ní fáíbà, ó sì ní sítáàṣì tirẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀wà rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tó tún ń fi dòdò lé e, kò tíì bọ́.

Láàárọ̀, àkàrà tàbí mọ́ín-mọ́ín láìsí ẹ̀kọ, tàbí ẹyin dídín pẹ̀lú ata àti tòmátò, láìsí búrẹ́dì Agége. Tí ebi bá ń pa yín láàárín ọjọ́, ẹ̀pà, píà àti wàrà àwọn Fúlàní wà. Ẹ jẹ ọsàn kan, ẹ má fún márùn-ún sínú ife mu. Àwọn kan ń lọ kábéèjì láti fi ro òkèlè. Kò dùn tó àmàlà, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ewédú ń bò ó láṣìírí.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà nílé kò nílò kó gba èmi tàbí ìyá ìjọ gbọ́. Kó gún ìka rẹ̀ kó tó jẹun, kó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kó tún gún un. Lọ́jọ́ kejì, kó jẹ ọbẹ̀ kan náà, kó dín òkèlè kù sí ìdajì, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà tó bá rí á bá a sọ̀rọ̀ ju ìwàásù lọ.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Ẹni tó ń gún ínsúlíìnì, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide àti glimepiride, kò gbọdọ̀ ṣàdédé gé òkèlè rẹ̀ lulẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ ìwọ̀n oògùn rẹ̀ wò. Oògùn tí wọ́n díwọ̀n fún òkèlè méjì lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù bí òkèlè bá di ìdajì. Àmì rẹ̀ ni òógùn tútù, gbígbọ̀n, òòyì, àyà tó ń já: tí ṣúgà bá ti wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, ṣúgà gan-an ni kẹ́ ẹ tètè mu, ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi. Ẹni tó ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí nǹkan kan tó ń jẹ́ kẹ́tóònù lè gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi tó léwu. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó béèrè iye ẹran àti ẹja tó lè jẹ. Aboyún àti ọmọdé, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Omi ewúro kì í sì í ṣe ìdí láti ju oògùn nù.

Ó wá kan àwa tó kù. Ẹni tó bá lọ òde àríyá tí kò jẹ iyán, olóde á bínú pé ó kẹ́gàn òun. Wọn á gbé mọ́ọ̀tì síwájú ẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fi kún, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ló kún inú igo. Mo ń bẹ àwọn tó ń ṣe ọ̀wàḿbẹ̀: ẹ ya kúlà kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọ́ rírò, òmíràn fún ẹja àti adìyẹ, kí omi tutù pọ̀ ju mínírà lọ, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń bù ú pé ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ ìrẹsì kò ṣẹ̀ yín. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ fi ọbẹ̀ sí àtẹ iye owó. Títí di òní, ọbẹ̀ jẹ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń dà sórí àmàlà, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kí ènìyàn lè rà ní kíkún abọ́. Owó wà níbẹ̀ fún yín.

Ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe darí, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1997, rí i pé 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó onírúurú ìwádìí jọ ní 2018, ó ti súnmọ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba mọ̀, torí òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìparí 2021 fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan mínírà ẹlẹ́ṣúgà. Kí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra strip tí ẹ̀rọ fi ń wọn ṣúgà fún àwọn tí kò lágbára. Kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọ "oúnjẹ alátọ̀gbẹ" sára ọ̀rá pé kó kọ iye sítáàṣì tó wà nínú òkèlè kan síbẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, lédè Yorùbá.

Owó ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, torí gààrí ló ń yó tálákà. N kò ní sọ pé ẹja kò wọ́n. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ kò wọ́n, ṣáwá wà, ẹyin wà, ẹ̀pà àti ẹ̀wà wà, owó mínírà àti owó tẹ́ ẹ fi lé wíìtì sì wà lọ́wọ́ yín. Ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ kò pa ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ.

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìbí Banting, ni Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé. A máa ń wọ fáníìlà, a máa ń rìn yí ìlú ká. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ra òṣùwọ̀n kan lọ́jọ́ yẹn dípò fáníìlà, kí wọ́n pe àwọn alámàlà àdúgbò wá sí ọsibítù, kí wọ́n ro àmàlà níbẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì ya àwòrán òkèlè tó yẹ sára ògiri ní ìwọ̀n tó ṣe rí gan-an.